Bí A Ṣe Ń Fi Ìwádìí Seismic Yẹ Ilẹ̀ Wò Kí A Tó Kó Kábọ́nì Pamọ́ Sínú Rẹ̀

Láti ọdún 2021, nígbà tí Nàìjíríà ṣèlérí ní ìpàdé Glasgow pé bí yóò bá fi di ọdún 2060, èéfín tí òun ń tú sójú ọ̀run kò ní ju èyí tí òun lè gbà padà lọ, ọ̀rọ̀ kíkó kábọ́nì dáyọ́ksáìdì, tí a ó máa pè ní CO2 láti ibí lọ, pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀ ti di ohun tí à ń gbọ́ ní ọ́fíìsì púpọ̀ ní Abuja. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Iléeṣẹ́ símẹ́ńtì bí irú èyí tó wà ní Obajana àti ní Ashaka ń tú CO2 jáde láti inú òkúta ẹfun tí wọ́n ń sun, yàtọ̀ sí èyí tó ń jáde láti inú ohun tí wọ́n fi ń dáná, nítorí náà bí wọ́n tilẹ̀ fi iná oòrùn ṣe gbogbo iṣẹ́ wọn, èéfín náà kò ní tán. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ọmọ Yorùbá tó jẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba ní Abuja, Minna, Kàdúná tàbí Gombe, tí wọ́n bá gbé e lé lọ́wọ́ pé kí ó ṣètò ìwádìí seismic, ìyẹn ìwádìí tí a fi ìgbì ìró yẹ inú ilẹ̀ wò, tàbí kí ó ka ìjábọ̀ rẹ̀ kí ó sì sọ bóyá ilẹ̀ náà yẹ.

Ohun tó yẹ kí ó kọ́kọ́ yé wa ni pé kì í ṣe àyè ni ìwádìí yìí ń wá. Àyè pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ju ohun tí a fẹ́ kó síbẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí ohun tí a kó síbẹ̀ lè gbà jáde ni à ń wá, àwọn baba wa sì ti sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá ka ìjábọ̀ seismic pẹ̀lú ojú pé "báwo ni ibẹ̀ ṣe tóbi tó" nìkan, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe, ìdajì tó rọrùn sì ni.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kò le láti ṣàlàyé. A máa ń gbo ojú ilẹ̀, ìgbì ìró á wọ inú ilẹ̀ lọ, níbi tí irú òkúta kan bá ti parí tí irú mìíràn sì bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ nínú ìró náà á padà sókè, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí à ń pè ní jíófóònù á sì gbà á sílẹ̀. Àkókò tí ìró náà fi lọ tí ó sì fi bọ̀ ni a kọ́kọ́ ń rí, kì í ṣe jíjìn. Bí ìró bá ń rin 2,400 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó sì lo ìṣẹ́jú àáyá kan ní àlọ àti àbọ̀, ibi tí ó dé jìn tó 1,200 mítà. Bí a bá ṣi eré ìró náà gbà, a ti ṣi jíjìn gbà nìyẹn, ìdí sì nìyí tí kànga tí wọ́n ti wọn eré ìró nínú rẹ̀ fi ṣe pàtàkì púpọ̀.

Ibi tó yẹ kí a wò

Ẹ má wulẹ̀ wá a lábẹ́ Maitama tàbí Gwarinpa. Àpáta tí Abuja jókòó lé, tí Aso Rock àti Zuma jẹ́ apá tó yọrí jáde nínú rẹ̀, le gbagidi, kò sì ní ihò tí CO2 lè wọ̀ àfi ibi tó bá ti sán. Òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni à ń wá, ìyẹn iyanrìn àti amọ̀ tí omi kó jọ láyé àtijọ́ tí ó sì gan di òkúta: èyí tó jẹ́ iyanrìn, tó ní ihò wínníwínní, ni yóò jẹ́ òkúta ìpamọ́, èyí tó jẹ́ amọ̀ tó ki, tó wà lórí rẹ̀, ni yóò jẹ́ òkúta ìdérí. Ní agbègbè olú ìlú fúnra rẹ̀, ìhà Kwali àti Abaji ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí etí Bida Basin wà, ìyẹn àfonífojì àtijọ́ tí òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kún. Ní Gombe àti Bauchi, òkúta iyanrìn Bima nípọn gan-an, òkúta Yolde wà lórí rẹ̀, òkúta amọ̀ Pindiga sì tún wà lókè ìyẹn. Agbègbè yìí ni kànga Kolmani River II wà, tí wọ́n ti kéde lọ́dún 2019 pé epo àti gáàsì wà níbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ìdérí kan ti di nǹkan mú níbẹ̀ fún àìmọye ọdún. Ní Borno, ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa omi, nítorí pé inú òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni omi kànga tí Maiduguri ń mu ti ń wá, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé CO2 sítòsí irú omi bẹ́ẹ̀.

Lórí jíjìn, ìwé púpọ̀ yóò sọ fún yín pé 800 mítà ti tó. Ẹ ṣọ́ra fún un. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni pé bí ìfúnpá bá kọjá nǹkan bí 7.4 MPa, tí ooru sì kọjá 31°C, CO2 kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán mọ́, á ki bí nǹkan olómi. Tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ tó gba àyè tó ju 500 mítà onígun mẹ́ta lọ lójú ilẹ̀ lè wá gba àyè mítà onígun mẹ́ta méjì péré lábẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tútù ni òfin 800 mítà bá mu jù. Bí ojú ilẹ̀ bá gbóná tó 28°C gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀dọ̀ wa, tí ooru sì ń fi 30°C lé sí i ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ooru ibi tó jìn ní 800 mítà á jẹ́ 52°C. Ní ooru yẹn àti ìfúnpá 8 MPa, ìwúwo CO2 fi díẹ̀ lé ní 200 kìlógíráàmù nínú mítà onígun mẹ́ta kan, ó ṣì fúyẹ́ jù. Kí ó tó súnmọ́ 500 kìlógíráàmù, a ní láti sọ̀ kalẹ̀ tó nǹkan bí 1,500 mítà. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ṣètò ìwádìí seismic ní àríwá Nàìjíríà, ẹ gbé ojú lé 1,200 sí 2,500 mítà, kí ẹ sì fi èyí yan bí okùn jíófóònù yóò ṣe gùn tó. Okùn tó bá kúrú ju jíjìn ibi tí à ń wò lọ kò ní jẹ́ kí a mọ eré ìró dáadáa.

Kí ọkọ̀ tó gbéra

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó ti wà nílẹ̀. Àwòrán òòfà tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkúta, ìyẹn NGSA, fi bàálù ya káàkiri orílẹ̀-èdè á fi ibi tí àpáta líle jìn sí hàn yín láìná owó púpọ̀. Lábẹ́ NUPRC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso wíwá àti wíwà epo, ibi ìpamọ́ dátà orílẹ̀-èdè wà, níbi tí ẹ ti lè béèrè fún ìlà seismic àtijọ́ àti àkọsílẹ̀ kànga. Ìlà onípele méjì, ìyẹn 2D, tó jìnnà síra ní kìlómítà bíi mélòó kan, dára láti fi mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún wa bóyá òkè abẹ́ ilẹ̀ tí a rí ní ìhà kan, ìyẹn ibi tí òkúta ti tẹ̀ sókè bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ tí CO2 lè kó jọ sábẹ́ rẹ̀, pa mọ́ ní gbogbo ìhà. 3D nìkan, èyí tó ń fi gígùn, ìbú àti jíjìn hàn pọ̀, ló lè sọ ìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ìṣirò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò: bóyá seismic yóò tilẹ̀ rí CO2 náà bó bá débẹ̀. Ẹ mú àkọsílẹ̀ eré ìró àti ìwúwo òkúta láti inú kànga, kí ẹ fi ìṣirò Gassmann pààrọ̀ omi oníyọ̀ tó wà nínú òkúta náà sí CO2, kí ẹ wo bí eré ìró yóò ṣe dínkù tó. Nínú iyanrìn tó rọ̀ bí ti Utsira lábẹ́ Òkun Àríwá, ó dínkù láti nǹkan bí 2,050 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá sí nǹkan bí 1,450. Nínú òkúta àtijọ́ tó ti gan, tó sì le, bí àwọn ibi tó jìn nínú òkúta Bima ṣe lè rí, ìyàtọ̀ náà lè kéré débi pé ariwo ojú ilẹ̀ á bò ó mọ́lẹ̀. Bí ìṣirò bá sọ bẹ́ẹ̀, seismic ṣì wúlò láti yẹ ìdérí wò, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ni ẹ ó fi máa ṣọ́ CO2 lọ́jọ́ iwájú.

Lójú oko

Ìgbà tí wọ́n bá ti kórè tán títí di ìgbà tí òjò kò tíì dé, ìyẹn oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, ni àkókò iṣẹ́. Ẹ rí Mai Unguwa tàbí baálẹ̀ kí ọkọ̀ kankan tó wọ abúlé, kí ẹ sì mú ẹni tó gbọ́ Hausa, Nupe tàbí èdè ibẹ̀ dáadáa dání, kì í ṣe ẹni tó kàn lè kí wọn ní "sannu". Láti ọdún Kolmani ni gbogbo ẹni tó bá rí ọkọ̀ ńlá lójú oko ti gbà pé epo ni wọ́n ń wá. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn, àní bí òótọ́ náà tilẹ̀ ṣòro láti gbà gbọ́: pé èéfín ni a fẹ́ kó pamọ́, àti pé a kò tíì mọ̀ bóyá ibí ni yóò jẹ́.

Ohun tí a fi ń gbo ilẹ̀ lè jẹ́ dínámáìtì nínú ihò, ó sì lè jẹ́ ọkọ̀ ńlá fáíbúrétọ̀ tó ń gbé àwo irin lé ilẹ̀ tí ó sì ń gbọ̀n láti ìró tó lọ sílẹ̀, bíi 8 Hz (ìgbọ̀n mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), títí dé 80 Hz. Èmi yóò yan fáíbúrétọ̀ fún àríwá láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Yàtọ̀ sí wàhálà ìwé àṣẹ àti ààbò tó wà lórí ohun abúgbàù, a lè tún un gbọ̀n ní ibi kan náà ní ọ̀nà kan náà lọ́dún mìíràn, èyí tí dínámáìtì kò lè ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń gbin jíófóònù ni kí ẹ fi ojú ara yín rí. Ilẹ̀ pupa ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn le bí òkúta, ọ̀dọ́mọkùnrin tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ á sì fẹ́ kí ṣóńṣó ẹ̀rọ náà kan ilẹ̀ lásán kí ó sì kọjá. Ẹ jẹ́ kí ó fi irin gbẹ́ ihò kékeré kan, kí ó ti ṣóńṣó náà wọlé ṣánṣán, kí ó sì fi erùpẹ̀ bo orí rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń mi okùn tó nà sójú ilẹ̀ máa ń wọ inú àkọsílẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń ya aṣọ. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti ń gba ìró sílẹ̀, ẹ ó rí i pé bí ọ̀kadà kan bá kọjá nítòsí ìlà, àwọn ìlà jíófóònù bí ogún á gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà lójú kọ̀ǹpútà. Kí ẹni tó ń darí dúró kí ó kọjá lọ. Màlúù ńkọ́? Bí agbo bá ń bọ̀, ẹ bá darandaran sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé ìdí okùn.

Ìṣòro tó tóbi jù ní ilẹ̀ wa wà ní ogún mítà àkọ́kọ́. Erùpẹ̀ tó gbẹ tó sì rọ̀ lókè máa ń fa ìró sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: bí ìró bá ń rin 600 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá nínú erùpẹ̀ gbígbẹ tó nípọn ní 20 mítà, tó jẹ́ pé ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òkúta tí ìró ń rin 1,800 mítà nínú rẹ̀ ti yọ sókè, ìyàtọ̀ náà jẹ́ nǹkan bí 22 mìlísẹ́kọ́ǹdì ní àlọ, 22 mìíràn sì ní àbọ̀. Mìlísẹ́kọ́ǹdì 44 yìí, tí a bá fi eré 2,400 mítà yí i sí jíjìn, lé ní 50 mítà. Ìyẹn ni pé odò gbígbẹ kan lójú ilẹ̀ lè dá àfonífojì sílẹ̀ nínú àwòrán ní jíjìn 1,500 mítà, níbi tí kò sí nǹkan kan, ó sì lè mú kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà bí òkè tó dára láti kó CO2 sí. Nítorí náà, ẹ má gbà kí wọ́n yọ owó gbígbẹ́ ihò kéékèèké tí a fi ń wọn eré ìró nínú erùpẹ̀ òkè kúrò nínú ìṣúná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń kọ́kọ́ gé.

Kíka àwòrán náà

Nígbà tí ìjábọ̀ bá dé, ẹ béèrè fún àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò tíì fa ìlà sí lórí, kí ẹ wò ó tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó wo èyí tí wọ́n ti kùn ní àwọ̀ mèremère. Ẹ wo òkúta ìdérí láti etí kan dé èkejì. Ṣé ó nípọn dọ́gba? Ṣé ibì kan wà tí ó ti fẹ́lẹ́ títí tó fi pòórá? Lẹ́yìn náà ẹ wo àwọn fọ́ọ̀tì, ìyẹn ibi tí ilẹ̀ ti là tí apá kan rẹ̀ sì ti rì ju èkejì lọ, kí ẹ sì tọpasẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sókè. Fọ́ọ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì parí lábẹ́ ìdérí kò burú púpọ̀. Èyí tó la ìdérí já ni kí ẹ fi ìka tọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì tí kò rí iṣẹ́ ara wọn fa ìlà fọ́ọ̀tì sórí àwòrán kan náà; ibi tí wọn kò bá ti bára mu ni ibi tí ilẹ̀ náà kò tíì yé wa.

Ẹ rántí pé ojú seismic kò mú tó bẹ́ẹ̀. Bí ìró tó dé jíjìn náà bá jẹ́ 40 Hz, tí eré rẹ̀ sì jẹ́ 2,400 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá, ìgbì kan gùn ní 60 mítà, ohun tó bá sì kéré ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ, ìyẹn 15 mítà, kò ní fara hàn kedere. Fọ́ọ̀tì tó rì ní mítà mẹ́wàá lè wà níbẹ̀ láì fara hàn. Ní Sleipner ní Norway, níbi tí wọ́n ti ń rọ CO2 sábẹ́ òkun, àwọn ìpele amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú iyanrìn Utsira kò fara hàn nínú ìwádìí àkọ́kọ́. Ìgbà tí CO2 ti kó jọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n tó tàn nínú àwòrán, ó sì jẹ́ ìpele CO2 mẹ́sàn-án.

Ohun kan tún wà fún ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìhà Gombe àti Biu. Òkúta tó ti inú iná ilẹ̀ jáde, tó ti wọ àárín òkúta gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ, wà ní agbègbè yẹn, ó sì máa ń dá ìró padà gidigidi. Ìlà tó mọ́lẹ̀ rekete nínú àwòrán kì í ṣe gáàsì ní dandan, kì í sì í ṣe ìdérí ní dandan.

Bí ẹ bá wá fẹ́ mọ iye tí ilẹ̀ náà lè gbà, ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní òkúta ìpamọ́ náà tẹ́ tó 100 kìlómítà onígun mẹ́rin, tí ó nípọn ní 50 mítà, tí ihò inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú 100, àyè inú rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù mítà onígun mẹ́ta kan. Bí CO2 bá wúwo tó 500 kìlógíráàmù níbẹ̀, àyè náà tó mílíọ̀nù 500 tọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n omi oníyọ̀ ló kún ibẹ̀, kò sì ní jáde tán fún wa. Bí a bá lè lo ìdá méjì péré nínú 100, mílíọ̀nù mẹ́wàá tọ́ọ̀nù ló kù. Iléeṣẹ́ tó ń tú mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan jáde lọ́dún á kún un ní ọdún mẹ́wàá. Ìjábọ̀ tó bá kọ 500 sí ojú ewé àkọ́kọ́ tó sì fi 10 pamọ́ sẹ́yìn, ẹ dá a padà.

Ẹ fi máàpù gbogbo kànga àtijọ́ lé orí àwòrán náà pẹ̀lú. Ní In Salah, ní aṣálẹ̀ Algeria, níbi tí wọ́n ti rọ nǹkan bí mílíọ̀nù 3.8 tọ́ọ̀nù sílẹ̀ láàárín 2004 àti 2011, CO2 rí ọ̀nà dé kànga àtijọ́ kan, wọ́n sì ní láti tún un dí. Níbẹ̀ náà, òkúta ìpamọ́ kò nípọn ju nǹkan bí 20 mítà lọ. Sátẹ́láìtì rí i pé ojú ilẹ̀ ń wú díẹ̀díẹ̀, ìwádìí seismic ọdún 2009 sì fi àmì hàn pé ibì kan ti ń là lọ sínú ìsàlẹ̀ ìdérí. Wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 2011.

Ìwádìí àkọ́kọ́ àti àwọn tó tẹ̀ lé e

Ìwádìí tí a ṣe kí CO2 tó wọlẹ̀ ni a ó máa fi gbogbo ti ẹ̀yìn wé, bí a kò bá sì ṣe é dáadáa, kò sí owó tó lè rà á padà. Sleipner ṣe tirẹ̀ ní 1994, ọdún méjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ CO2. Nígbà tí wọ́n padà ní 1999, ìyàtọ̀ náà hàn gbangba. Ní Snøhvit, ibi ìpamọ́ CO2 mìíràn ní Norway tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ìfúnpá ń gòkè ju bí wọ́n ti rò lọ, àtúnṣe ìwádìí ní 2009 sì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tó sún ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ sí lọ sí òkúta mìíràn ní 2011. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣèlérí fún ọ̀gá rẹ̀ pé seismic yóò ka iye tọ́ọ̀nù: CO2 díẹ̀ ti tó láti fa eré ìró wálẹ̀, èyí tó bá tún dé lẹ́yìn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà mọ́. Ó ń sọ ibi tó wà dáadáa, ṣùgbọ́n bó ṣe pọ̀ tó kò dá a lójú.

Kí ìwádìí méjì tó ṣeé fi wéra, ẹ padà ní oṣù kan náà, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ ń gòkè ní òjò ó sì ń lọ sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, erùpẹ̀ òkè á sì yí ìró padà bí ẹni pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Bí owó bá wà, ẹ ri jíófóònù mọ́lẹ̀ títí láé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní Otway ní Australia. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ pẹ̀lú. Ilẹ̀ mì ní Mpape àti àwọn apá mìíràn ní Abuja ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 láìsí ẹni tó rọ CO2 sí ibikíbi, bí irú rẹ̀ bá sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀, àkọsílẹ̀ ti ìṣáájú nìkan ni yóò gbà yín.

Èyí tó kù ni ìpamọ́ dátà. Ẹ gba àkọsílẹ̀ àtilẹ̀wá gan-an lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe àwòrán tó ti parí nìkan, nítorí sọ́fúwíà ọdún mẹ́wàá sí i yóò fẹ́ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sí orí rẹ̀ bóyá ètò Minna, tí a ti ń lò láti fi wọn ilẹ̀ ní Nàìjíríà, ni wọ́n fi wọn ipò jíófóònù tàbí WGS84, èyí tí GPS ń lò: ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ju mítà 25 tó sábà máa ń wà láàárín jíófóònù kan àti èkejì lọ, ẹni tó bá sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ra á rí CO2 tó ń rìn níbi tí kò ti rìn.